Akéde lu agogo, ènìyàn mẹ́rin ló jáde: níbo làwọn aláàbọ̀ ara ìlú wa wà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Yàgbà. Àwọn tó fẹ́ bá wa gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, kí wọ́n sì tún ilé ìwòsàn alábọ́dé wa ṣe, ní a gbọ́dọ̀ mú orúkọ àwọn aláàbọ̀ ara ìlú wá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn náà lè kópa. A ní kí akéde lu agogo, a sì tún kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ènìyàn mẹ́rin péré ló jáde, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ àgbàlagbà tó rò pé ìrẹsì la fẹ́ pín. Àwọn àgbà ní irú àwọn bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí a kì í rí níta. Ṣé àwọn ẹbí ń fi wọ́n pamọ́ ni? Ṣé ká máa wọlé kiri? Tá a bá sì rí wọn, kí la máa ṣe fún wọn?"

Okun o, akọ̀wé wa. Ẹ kú làálàá ìlú. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí, ṣùgbọ́n mo rí ìkẹrin lábẹ́ wọn: ẹ̀rù ń bà yín pé tí orúkọ bá kéré, àwọn tó fẹ́ gbówó kalẹ̀ á ní ẹ ò ṣiṣẹ́, tó bá sì pọ̀, ará ìlú á ní ẹ ti kó àwọn tí kò yẹ sínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láàárín Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Mopa àti Yàgbà, ìyẹn ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, bóyá ni mo tíì dé ìlú kan tí wọn ò ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé "wọn ò pọ̀ níbí." Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àwọn àgbà ò purọ́ fún yín. Àwọn tí wọ́n ń kà ni kò pé. Tí ẹ bá bi àgbà kan pé aláàbọ̀ ara mélòó ló wà ládùúgbò rẹ̀, arọ, afọ́jú, adití àti abuké ló máa sọ sí i lọ́kàn, àwọn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ láti kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìjọba. Ìkànìyàn ọdún 2006 rí aláàbọ̀ ara bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti ìdámẹ́rin, ìyẹn 3.25 mílíọ̀nù, láàárín 140 mílíọ̀nù ọmọ Nàìjíríà. Kò ju 2.32 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn sọ ní 2022 pé 16 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ènìyàn ayé ló wà nínú ipò yìí, bíi 1.3 bílíọ̀nù. Kì í ṣe pé ara tiwa le ju ti ayé yòókù lọ. Ìbéèrè tí a ń bi ènìyàn ló yàtọ̀, ibi tí a sì fa ìlà sí yàtọ̀. Nínú ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, wọn ò béèrè ẹni tó jẹ́ aláàbọ̀ ara, ohun tó nira fún ènìyàn láti ṣe ni wọ́n béèrè. Nínú àwọn tó ti kọjá ọmọ ọdún márùn-ún, 7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìnira kan, ì báà ṣe díẹ̀. 1 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìnira tirẹ̀ pọ̀ gan-an tàbí tí kò lè ṣe nǹkan ọ̀hún rárá. Ẹ fi èyí wo ìlú yín. Tí àwọn tó ti kọjá ọdún márùn-ún níbẹ̀ bá tó ẹgbẹ̀rún kan, àádọ́rin ènìyàn ló yẹ kí ẹ máa retí, mẹ́wàá nínú wọn ni ìnira wọn yóò sì pọ̀. Ẹni mẹ́rin tó jáde sí yín kò tíì tó ìdajì àwọn mẹ́wàá yẹn.

Àwọn wo ni ẹ ò tíì rí? Bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, tí apá kan ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó ń pè é ní aláàbọ̀ ara. "Ara bàbá ò yá" ni wọ́n ń wí. Ọ̀dọ́kùnrin tí ọ̀kadà gbé ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tò lọ́nà òdì. Ìyá tí awọ funfun ti bo ojú rẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí oko kajú. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rọbí pẹ́ kí ó tó bí i, tàbí tí ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́yìn ìbí tí wọn ò tètè tọ́jú rẹ̀, tàbí tí gìrì mú léraléra. Ọrùn rẹ̀ lè má dúró, kó sì má lè sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà dáadáa. Nílẹ̀ Okun wa, ọmọ wa pọ̀ ní Èkó, Àbújá àti Kàdúná, tí ọmọ tó nílò ìtọ́jú lójoojúmọ́ bá sì wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá nílé. Orúkọ ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ìlú, kò sì sí nínú ti ìlú ńlá tó ti wá. Àwọn tó ń gbé ní abúlé oko, tí wọn kì í wọlé àfi ọjọ́ ọjà, ẹ má gbàgbé àwọn náà.

Ẹ wá bi mí bóyá àwọn ẹbí ń fi wọ́n pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú ìkà wò wọ́n, torí ojú yẹn ló máa tilẹ̀kùn mọ́ yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí ẹbí kan tó fọmọ fún ẹbí kejì lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ṣe ìwádìí. Wọ́n á béèrè lábẹ́lẹ̀ bóyá wárápá wà nínú ìdílé náà, bóyá orí ẹnì kan ti dàrú rí, bóyá wọ́n bí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ wá wo ìyá tó ní ọmọbìnrin mẹ́ta tó ti tó lọ́kọ àti ọmọkùnrin kan tó ní wárápá. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí orúkọ ọmọkùnrin yẹn bá wọ ìwé ìlú, ó ti ba ọjọ́ iwájú àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́. Ìfẹ́ ọmọ ló ń jẹ́ kó dákẹ́. Ẹ fi ti ìtìjú kún un: títí di òní, ìyá ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní ó jẹ èèwọ̀ nígbà oyún, tàbí ó rìn lọ́sàn-án gangan, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ló ń jìyà rẹ̀. Ọkọ mìíràn á tilẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè torí agogo gbé ọmọ jáde sí gbàgede.

Ìdí mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ gbọ́. Àwọn kan ti kọ orúkọ yìí rí. Nígbà ìbò, àwọn kan á dé pẹ̀lú àpò ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò ọmọ náà níbi tó dùbúlẹ̀ sí, wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á lọ, kò sì sẹ́ni tó tún gbúròó wọn. Ẹni tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì, tí kò bá dá yín lóhùn, ó gbọ́n ni. Torí náà, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: pé kànga àti ilé ìwòsàn ni, pé ẹ kò pín owó, pé ẹ fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe lè wúlò fún gbogbo ènìyàn inú ilé wọn.

Ti agogo pàápàá, ẹ wò ó: adití kò gbọ́ ọ, ẹni tó wà lórí àkéte kò lè dìde tẹ̀ lé e, ẹni tó sì gbọ́ tó lè rìn, ẹ ní kó wá dúró láàárín ìlú kó jẹ́wọ́ pé òun ni. Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ ni ìbéèrè mẹ́fà kan tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Washington Group, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 2001, ló ṣètò wọn. Àwọn náà ni wọ́n lò nínú ìwádìí 2018 tí mo sọ lókè. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Ṣé ó nira fún yín láti ríran, kódà tí ẹ bá lo awò ojú? Ṣé ó nira fún yín láti gbọ́ràn, kódà tí ẹ bá lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn? Ṣé ó nira láti rìn tàbí láti gun àtẹ̀gùn? Ṣé ó nira láti rántí nǹkan tàbí láti fọkàn sí nǹkan? Ṣé ó nira láti tọ́jú ara yín, bíi kí ẹ wẹ̀ tàbí kí ẹ wọṣọ? Ní èdè tí ẹ ń sọ lójoojúmọ́, ṣé ó nira kí ọ̀rọ̀ yín yé ènìyàn, tàbí kí ọ̀rọ̀ ènìyàn yé yín? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kò nira rárá, ó nira díẹ̀, ó nira púpọ̀, mi ò lè ṣe é rárá. Ẹni tó bá dáhùn "ó nira púpọ̀" tàbí "mi ò lè ṣe é" sí ọ̀kan péré nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ti wọ inú àwọn tí ẹ ń wá. Kò síbi tí wọ́n ti pe ẹnikẹ́ni ní aláàbọ̀ ara nínú gbogbo rẹ̀, kí ẹ má sì ṣe pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń béèrè. Ẹ béèrè ní èdè ìlú yín, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Ẹ béèrè nípa gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ẹni náà fúnra rẹ̀ tó bá lè dáhùn. Baálé ilé kì í mọ̀ pé ìyàwó òun kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ó rò pé agídí ló ń ṣe ni.

Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta tó wá gba ìrẹsì ńkọ́? Ẹ padà lọ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ṣeé ṣe kí orúnkún ẹnì kan má jẹ́ kó lè pọnmi mọ́, tàbí kí ojú ẹlòmíràn ti ń lọ. Ọjọ́ orí kò lé ènìyàn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ni wọ́n tilẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìbéèrè náà kù sí. Kò mú àwọn tí ọkàn wọn dàrú tàbí tí ìbànújẹ́ ń bá jà dáadáa. Ẹni tó ní wárápá lè dáhùn pé ohunkóhun kò nira fún òun, torí ara rẹ̀ le láàárín ìgbà tí kò bá mú un. Afín lè sọ pé òun ń ríran díẹ̀díẹ̀, kí ìwé yín sì fò ó, nígbà tó jẹ́ pé oòrùn ń jẹ awọ ara rẹ̀, tí iṣẹ́ oko sì lè fún un ní jẹjẹrẹ. Fún ọmọdé, tí ẹ bá bi ìyá ọmọ ọdún mẹ́ta bóyá ó lè wẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ti mọ ìdáhùn. Ìbéèrè ti àwọn ọmọ láti ọdún méjì sí mẹ́tàdínlógún wà lọ́tọ̀, èyí tí UNICEF bá wọn ṣe, tó sì jáde ní 2016. Bí ẹ kò bá rí i gbà, ẹ bi ìyá ní ìbéèrè tó rọrùn: tí o bá fi í wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe tí òun ò tíì lè ṣe? Fún wárápá àti ti ọkàn, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yín ni kó bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń kọ orúkọ kiri.

Ṣé kí ẹ máa wọlé kiri, nígbà náà? Ó dára jù, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, àṣìṣe kékeré sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: tí ẹ bá rán ọ̀dọ́ méjì tí ẹnu wọn kò dúró, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọjà á ti gbọ́. Tí ìlú yín bá tóbi, ẹ kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Àwọn tó ń pín Mectizan, oògùn àrùn tí kantíkantí ẹ̀bá odò ń kó bá ojú, tí ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ láti 1987, máa ń ní ìwé tí orúkọ gbogbo agbo ilé wà. Wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gígùn ẹni kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mọ iye hóró tí wọ́n máa fún un. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ wo àwọn tí wọn ò fún ní oògùn, kí ẹ béèrè ìdí. Aboyún àti ọmọ kékeré á pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí ẹni tí kò lè dìde dúró ti ọ̀pá náà. Àwọn tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tíṣà, àti ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn mọ ti wọn. Ju gbogbo wọn lọ, ẹni kẹrin tó jáde sí yín, tí kì í ṣe ìrẹsì ló wá gbà, ẹ lọ jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀. Aláàbọ̀ ara máa ń mọ aláàbọ̀ ara, ìyá tó ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń mọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú kejì. Tó bá jẹ́ òun ló bá yín kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún akọ̀wé á ṣí. Kí ẹ sì sanwó fún un bí ẹ ṣe máa san fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣiṣẹ́ yẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìlú ti ń kùnà ni pé tí wọ́n bá ti kọ orúkọ tán, wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìwé orúkọ kò fa omi. Kànga tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ yẹn, ibo ló máa wà? Wọ́n sábà máa ń mọ ìgànná yí i ká kí ewúrẹ́ má baà wọ̀ ọ́, wọ́n á sì ṣe ìpele méjì tí ènìyàn máa gùn kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ìpele méjì yẹn ti lé arọ àti ìyá àgbà sẹ́yìn. Kí sìmẹ́ńtì tó dé ni kí ẹ sọ̀rọ̀, torí lẹ́yìn tó bá gbẹ, fífọ́ ni yóò kù. Ẹ mú afọ́jú kan, ẹnì kan tó ń lo ọ̀pá àti ìyá tó ń pọn ọmọ tó tóbi, kí wọ́n bá ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà rìn dé ibẹ̀. Wọ́n á fi ibi tí gọ́tà gba kọjá hàn án, àti ibi tí òkúta tí wọ́n fi lalẹ̀ etí ọ̀nà lè jẹ́ kí afọ́jú fi ọ̀pá rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Ẹ ní kí wọ́n mọ ibi ìjókòó kan síwájú ẹ̀rọ náà, kí ọwọ́ ẹ̀rọ sì gùn tó tí ẹni tó jókòó máa lè fà á. Ní ilé ìwòsàn, dípò àtẹ̀gùn nìkan, kí wọ́n ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò ga: tí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju ìta lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Mo ti rí èyí tí wọ́n ṣe tó dà gẹ̀rẹ̀ bí òrùlé, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é kò lè gùn ún láé. Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó 80 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán. Kí ṣáláńgá ní ìjókòó kan tó ga àti páìpù tí ènìyàn máa dì mú, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa ṣí síta, torí tí ẹnì kan bá ṣubú sínú rẹ̀, ara rẹ̀ ló máa di ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú.

Nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ńkọ́? Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fún wọn ní ìjókòó méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹnì kan ṣoṣo láàárín àwọn àgbà kì í lè sọ̀rọ̀. Kó jẹ́ aláàbọ̀ ara fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbẹnu sọ fún un, àfi tó bá jẹ́ ọmọdé tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé rárá. Ẹ kúrò ní ààfin tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, ẹ jókòó sábẹ́ igi. Ẹ má fi ìpàdé sí alẹ́, kí ẹ sì san owó ọ̀kadà ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà mọ́ tiwọn. Adití ìlú yín lè má mọ èdè àwọn adití tí wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Àmì ọwọ́ tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ dá sílẹ̀ nílé ló ń lò. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yẹn túmọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà fi hàn án pẹ̀lú ọwọ́ àti àwòrán lórí ilẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé èrò tirẹ̀ lẹ gbọ́ ní tòótọ́. Tí ẹnì kan bá ní ojú àánú ni ẹ fi ń ṣe gbogbo èyí, ẹ sọ fún un pé òfin ni. Òfin tó ka dídẹ́yẹ sí aláàbọ̀ ara léèwọ̀, ti ọdún 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe kí aláàbọ̀ ara lè máa wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti 2024.

Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi lè fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara ránṣẹ́ tí wọ́n bá gbọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá ara ẹni mu lè dá egbò sí i ní ìdí, egbò yẹn sì lè pa á. Táyà kékeré tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ dídán ilé ìwòsàn kì í lọ lórí òkúta àti ilẹ̀ olókè tiwa. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọn ènìyàn kí wọ́n tó rà á. Nígbà mìíràn, ọ̀pá méjì tí káfíńtà ìlú gbẹ́ dáadáa á wúlò jù ú lọ, owó tí wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú tí awọ bò nílé ìwòsàn ojú á wúlò ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní ti orúkọ tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́: iye ènìyàn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọmọdé mélòó, irú ìnira wo. Ẹ má fi orúkọ sí i àfi ti ẹni tó bá gbà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó ti mọ ẹni tó máa rí i. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ni kó máa tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ má kà á jáde ní ìpàdé tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì láéláé. Tí àwọn tó gbówó kalẹ̀ bá yarí pé orúkọ làwọn ń fẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe sínú lẹ́tà, kí ẹ lè kà á fún ìyá ọmọ náà kó tó dáhùn. Kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i kí wọ́n tó ya ibi tí kànga máa wà.